Ta ló ran ta lọ́wọ́? Lórí gbólóhùn náà, "owó ìrànwọ́ epo"

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ṣàṣà ni ìròyìn Yorùbá lórí rédíò tí n kì í gbọ́ gbólóhùn yìí nínú rẹ̀. Ó ń bí mi nínú. Kì í ṣe pé ó le o. Ó rọrùn jù ni.

Ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe tó bí i. Ẹnìkan ran ẹlòmíì lọ́wọ́: ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí a bá ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ báyìí, ìrànwọ́, àwọn méjèèjì á pòórá. Ní 1956 ni wọ́n rí epo rọ̀bì ní Oloibiri. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún la fi owó rẹ̀ ra bẹntiróòlù láti òkèèrè, nígbà tí àwọn ilé-ìfọpo ìjọba ní Port Harcourt, Warri àti Kaduna ń sùn. Owó ta ni wọ́n wá fi ran ta lọ́wọ́?

Ní Yewa níhìn-ín, ìbéèrè yìí kì í ṣe ti kíláàsì. Oṣù Kẹjọ 2019 ni ìjọba ti ibodè pa. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù pàṣẹ pé kí wọ́n má gbé epo lọ sí ilé-epo kankan tí kò bá jìnnà tó kìlómítà 20 sí ààlà. Ìbèsè bọ́ níbẹ̀. Ìdíròkó àti Ìlárá kò bọ́. Ọmọ Nàìjíríà bíi tèmi ni ará ibẹ̀, àmọ́ epo "ìrànwọ́" di èèwọ̀ nítòsí ilé rẹ̀. Ìyá tó ní ẹ̀rọ ìlọgẹ̀gẹ́ ńkọ́? Kó gbé kẹ́ẹ̀gì lọ ọ̀nà jíjìn, kí wọ́n sì dá a dúró bó ṣe ń bọ̀ pé fàyàwọ́ ni!

Fàyàwọ́: fi àyà wọ́ nílẹ̀, bí ejò. Ní Àjàṣẹ́ lọ́hùn-ún, àwọn Gùn ń pe epo kan náà ní kpayo, èyí tí kì í ṣe ojúlówó. (Kp tiwọn yẹn, p tiwa ni, ìró kan náà.) Epo kan, orúkọ mẹ́ta, kò sì sí èyí tó dárúkọ ẹni tó sanwó.

Mi ò gbèjà fàyàwọ́. Wọ́n kó epo kọjá lóòótọ́, torí tiwa pọ́ọ́kú. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé tó ní olówó ló gbádùn rẹ̀ jù kò sì parọ́. Ta ló ní ọkọ̀ mẹ́ta? Ṣùgbọ́n kò pé oṣù méjì tí lítà tí kò tó 200 náírà fi di 617 ní Àbújá.

Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Dangote tó wà ní Ìbèsè, gáàsì ló ń lò. Ní 2016 tí gáàsì ń dá ṣíkáṣíká nítorí pé wọ́n ń fọ́ ọ̀pá ní Niger Delta, ó yí sí èédú. Ó bọ́gbọ́n mu. Ẹ̀rọ ìlọgẹ̀gẹ́ kì í jẹ èédú.

Èmi á ní kí a pè é ní ẹ̀dínwó. Bí ọlọ́jà bá ní òun yọ ẹ̀dínwó fún ẹ, ṣebí ohun tó kàn ni pé kó o béèrè iye tó rà á. "Ẹ̀dínwó tí ìjọba fi owó epo rọ̀bì wa san": ó gùn, mo mọ̀. Akọ̀ròyìn tó bá ní ó gùn jù, kó wá èyí tó kúrú tí kò ní fi ẹni kankan pamọ́.