Ayé Kan Náà Lábẹ́ Òfin Tuntun

Nínú Dungeons & Dragons, eré orí tábìlì tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974, ohun méjì ló gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ju dáìsì. Èkíní ni òfin eré, tó ń sọ bí a ṣe ń mọ̀ bóyá idà bá ọ̀tá tàbí ó tàsé. Èkejì ni ibùdó ìtàn, ìyẹn ayé àtinúdá tó ní ilẹ̀, ọba, òrìṣà àti ogun tirẹ̀, níbi tí òṣèré kọ̀ọ̀kan ti ń gbé àwọ̀ ẹ̀dá-ìtàn kan wọ̀, tí olùdarí eré sì ń sọ̀rọ̀ lórúkọ gbogbo ẹ̀dá yòókù. Òfin a máa yí padà nígbàkúùgbà tí ilé-iṣẹ́ tó ni eré bá tẹ ẹ̀dà tuntun, ṣùgbọ́n àwọn tó ti pẹ́ nínú ayé ìtàn kan mọ ọ̀nà ibẹ̀ bí ẹni mọ àgbàlá bàbá rẹ̀, wọn kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wó o. Iṣẹ́ ọnà ni mímú irú ayé bẹ́ẹ̀ kọjá láti inú òfin kan bọ́ sí òmíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń ṣe é kì í sábà gba oríyìn.

Ilé-iṣẹ́ TSR, tó ni eré náà nígbà yẹn, tẹ ayé ìtàn Forgotten Realms jáde lọ́dún 1987, láti ọwọ́ Ed Greenwood, ọmọ Kánádà tó ti ń ro ayé náà láti ìgbà èwe rẹ̀, kí eré fúnra rẹ̀ tó dé. Lọ́dún 1989 ni ẹ̀dà kejì òfin yọ iṣẹ́ apànìyàn-gbowó kúrò lára iṣẹ́ tí ẹ̀dá-ìtàn lè yàn. Àwọn òǹkọ̀wé ì bá dákẹ́, kí ọ̀rọ̀ náà sì lọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọ́n pa ìtàn sí i pé a lé àwọn òrìṣà wá sórí ilẹ̀, òrìṣà ìpànìyàn kú, gbogbo apànìyàn-gbowó ayé náà sì kú pẹ̀lú. Ọgbọ́n ńlá ni, kò sì sí olùdarí eré tí kò ní rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n ó kọ́ ilé-iṣẹ́ náà ní àṣà kan tó wọ́n lówó: bí òfin bá ti yí, kí àjálù dé bá ayé. Nígbà tí ẹ̀dà kẹrin dé lọ́dún 2008 pẹ̀lú ìlànà idán tó yàtọ̀ pátápátá, wọ́n pa òrìṣà idán, wọ́n tú ilẹ̀ ká, wọ́n sì sún kàlẹ́ńdà síwájú ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, tó fi jẹ́ pé púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn tí òṣèré mọ̀ ti di olóògbé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bá wọn jà. Ẹ̀dà karùn-ún ti ọdún 2014 tún ní láti fi rúkèrúdò mìíràn dá ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n kó lọ padà.

Ọ̀nà tí Dark Sun, ibùdó ìtàn mìíràn fún eré kan náà, gbà sàn ju èyí lọ. Athas ni orúkọ ayé rẹ̀, aṣálẹ̀ tí oòrùn rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, níbi tí irin ti ṣọ̀wọ́n débi pé egungun, igi àti òkúta dúdú dídán ni jagunjagun ń fi jà, tí ẹni tó bá pidán láìbìkítà sì ń fa ẹ̀mí kúrò lára ewéko títí ilẹ̀ fi di eérú. Ọdún 1991 ló jáde, ṣùgbọ́n kíá ni àwọn ìwé ìtàn àròsọ tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọba apidán tó jẹ́ ẹ̀rù ayé náà, àtúnṣe 1995 sì tẹ̀ lé wọn, èyí tí kò ṣẹ́ iṣẹ́ ńlá kankan kù fún òṣèré. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe lọ́dún 2010, àwọn òǹkọ̀wé dá ìtàn padà sí kété lẹ́yìn ikú Kalak, ọba ìlú Tyr, nígbà tí àwọn ọba yòókù ṣì wà lórí ìtẹ́. Nítorí pé Athas kò ní òrìṣà, wọ́n tún ní ìgboyà láti yọ àwọn iṣẹ́ tó ń gba agbára lọ́wọ́ òrìṣà kúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin gbogbogbòò fàyè gbà wọ́n. Níbí, òfin ló tẹrí ba fún ayé.

Síbẹ̀, ọwọ́ Eberron, ibùdó ìtàn kẹta, ni iṣẹ́ yìí ti dán jù. Ìdíje tí Wizards of the Coast, tó ti ra TSR lọ́dún 1997, ṣe lọ́dún 2002 ló bí i. Àbá tó wọlé lé ní 11,000, ti Keith Baker ló sì borí, tó jáde lọ́dún 2004. Ọdún 998 lórí kàlẹ́ńdà ayé náà ni ìtàn bẹ̀rẹ̀, ọdún méjì lẹ́yìn ogun tó jà fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Nígbà tí wọ́n tún un tẹ̀ fún ẹ̀dà kẹrin lọ́dún 2009, ọdún 998 náà ni; ní ẹ̀dà karùn-ún, lọ́dún 2019, ọdún 998 kan náà ni. Ẹ̀yà abàmì tó jọ dírágónì, tí òfin 2008 fi kún ẹ̀dá tí òṣèré lè jẹ́, rí àyè nínú igbó Q'barra, níbi tí ènìyàn kò tíì mọ̀ dáadáa, a sì sọ pé wọ́n ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Ohun tó pa orílẹ̀-èdè Cyre run nígbà ogun ni wọ́n kọ̀ láti sọ, kí olùdarí eré kọ̀ọ̀kan lè pèsè ìdáhùn tirẹ̀, kí ìwé kankan tó ń bọ̀ má sì lè sọ ọ́ di òpùrọ́ lójú àwọn òṣèré rẹ̀.

Kí ẹni tó bá ń gbèrò láti dá ayé ìtàn sílẹ̀ wá ìwé Eberron mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà, ti 2004, 2009 àti 2019, kó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kó sì ka ohun tí wọn kò sọ pẹ̀lú èyí tí wọ́n sọ.