Igi tàbí Agbo Ilé? Àgbéyẹ̀wò Ètò Fódà nínú Unix

Ìfáàrà

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ni ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, igi ni wọ́n fi ń ṣàlàyé bí fódà ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn nínú Unix àti nínú Linux tí ó tọ ipa rẹ̀. Àfiwé yìí ti pẹ́, ó sì ti di àjùmọ̀lò. Síbẹ̀, ó ní àléébù: òkè ni gbòǹgbò igi náà wà, ìsàlẹ̀ ni ewé rẹ̀ wà. Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó há irú àpèjúwe bẹ́ẹ̀ sórí lè yege ìdánwò, kí ó má sì mọ ibi tí ó kó iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀ sí. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ètò ìlú Yorùbá, láti ìlú dé àdúgbò, dé agbo ilé, dé yàrá, tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ náà ju igi lọ. Ṣùgbọ́n àfiwé yìí náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Ipa-ọ̀nà ni ó ń ya orúkọ sọ́tọ̀

Nínú Unix, ojú kan ṣoṣo ni ohun gbogbo ti bẹ̀rẹ̀, àmì / ni ó sì dúró fún un. Orúkọ nìkan kò tó láti dá fáìlì mọ̀. Ipa-ọ̀nà rẹ̀ ni ó ń yà á sọ́tọ̀. Sábó wà ní Ọ̀yọ́, Sábó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èrò ọkọ̀ tí ó wá láti ọ̀nà jíjìn, tí ó ní Sábó ni òun ń lọ, kò tíì dárúkọ ibì kan. Bákan náà, /Oyo/Sabo àti /Ogbomoso/Sabo jẹ́ fódà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí ó ti wà ní ìgboro Ọ̀yọ́ lè pe Sábó lásán kí ó sì yé awakọ̀. Èyí ni ipa-ọ̀nà kúkúrú, tí ó ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ènìyàn dúró sí. Ipa-ọ̀nà kíkún ní tirẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti /, níbikíbi tí ènìyàn ìbáà wà.

Ìtàn Ọ̀yọ́ fi ìhà kejì hàn. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà sọ Àgọ́-Ọ̀jà di olú-ìlú ní àwọn ọdún 1830, orúkọ Ọ̀yọ́ bá a débẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà Ọ̀yọ́-Ilé kò gbé ènìyàn dé Ọ̀yọ́ tuntun. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí bí a bá ṣí fódà nípò: orúkọ lè wà bákan náà, ṣùgbọ́n ètò tí ó di ipa-ọ̀nà àtijọ́ mú kò ní rí i mọ́.

Dídá díìskì pọ̀

Unix kì í fún díìskì kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà tirẹ̀ bí Windows ti ń ṣe. Ó ń so díìskì tuntun mọ́ fódà kan lábẹ́ / ni, tí olùlò á fi rò pé ara kan náà ni wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu Ògbómọ̀ṣọ́ sọ pé àwọn ọdẹ tí ó tẹ ibẹ̀ dó ju ẹyọ kan lọ, àti pé ibùdó wọn di ìlú kan lábẹ́ Ṣọ̀ún Ògúnlọlá. Àdúgbò kò pàdánù ìtàn tirẹ̀, ṣùgbọ́n orí kan ni gbogbo wọn ní. Igi kò lè ṣàlàyé èyí, nítorí ẹ̀ka igi kì í ti ibòmíràn wá.

Ibi tí àfiwé agbo ilé fi mọ

Fódà kọ̀ọ̀kan ní òbí kan ṣoṣo, tí àmì .. dúró fún, gbòǹgbò nìkan ni ó jẹ́ òbí ara rẹ̀. Ọmọ Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀: ó ní ilé bàbá, ó ní ilé ìyá, ó sì ní ẹ̀tọ́ nínú méjèèjì. Ohun tí ó súnmọ́ èyí jù ni pé fáìlì kan lè ní orúkọ méjì nínú fódà méjì lórí díìskì kan náà. Bí a bá pa ọ̀kan rẹ́, èkejì ṣì di ohun inú rẹ̀ mú. Ìtọ́ka lásán yàtọ̀ sí èyí: bí fáìlì tí ó tọ́ka sí bá ti lọ, òfìfo ni ó ń tọ́ka sí. Olùkọ́ tí kò bá fi ìyàtọ̀ yìí hàn ti fi àfiwé ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà.

Orúkọ tí ó fi ìtàn pamọ́

Àríwísí tí ó wúwo jù kan orúkọ àwọn fódà. Látìn ni /etc ti wá, 'àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ' ni ìtumọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀ ibẹ̀ ni àwọn fáìlì tí ó ń darí ètò ẹ̀rọ wà lónìí. Ilé àwọn olùlò ni /usr nígbà tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie ń ṣe Unix ní Bell Labs. Nígbà tí díìskì àkọ́kọ́ kún, àwọn fáìlì ètò ẹ̀rọ ya wọ ibẹ̀, àwọn olùlò sì wá di ará /home lórí Linux. Báyìí ni /bin àti /usr/bin ṣe di méjì. Ìlànà ìtòlẹ́sẹẹsẹ fódà Linux, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1994, tí ẹ̀dà 3.0 rẹ̀ sì jáde ní 2015, pa ìyàtọ̀ náà mọ́. Ṣùgbọ́n Fedora 17 ti da méjèèjì pọ̀ ní 2012, Debian 12 sì sọ ọ́ di dandan ní 2023. Àìfàyègbà díìskì kékeré kan ti di òfin fún nǹkan bí ogójì ọdún.

Àgbálọgbábọ̀

Agbára Unix wà nínú gbòǹgbò kan ṣoṣo àti ipa-ọ̀nà tí kò rúni lójú. Àìlera rẹ̀ wà nínú orúkọ tí kò sọ ohun tí ó ń ṣe mọ́. Yorùbá kì í kàn ká orúkọ àdúgbò sórí. Wọ́n ń pa ìtàn ìdí tí a fi ń pè é bẹ́ẹ̀ ni. Bí ó ṣe yẹ kí olùkọ́ kọ́ni ní /usr nìyẹn. Fóònù Android, tí Linux wà nínú rẹ̀, ń fi ipa-ọ̀nà pamọ́ fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ òde òní. Iṣẹ́ tí ẹni tí ó ṣe é kò lè tọ́ka sí ibi tí ó wà kò yàtọ̀ sí iṣẹ́ tí ó sọnù. Nítorí náà, kí olùkọ́ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀nà ilé kí ó tó kọ́ ọ ní àṣẹ.