Rọ́gúbì Orí Kẹ̀kẹ́

Ẹni tó bá rò pé eré àwọn tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ kò ju kí wọ́n rọra máa jùkò lọ, kó lọ wo rọ́gúbì wọn. Ìlú Winnipeg ní Kánádà ni àwọn tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn fara pa lápá ọrùn ti dá a sílẹ̀ ní 1977, torí pé bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ń fẹ́ ìka tó dá ṣáṣá. Murderball ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, orúkọ náà ò sì purọ́: kẹ̀kẹ́ á kọlu kẹ̀kẹ́ gbàgà, ẹlòmíràn á dojú dé tòun ti kẹ̀kẹ́. Wọ́n á gbé e dìde, eré á tẹ̀ síwájú.

Bí wọ́n ṣe ń ka ènìyàn sí níbẹ̀ ló wù mí jù. Wọ́n ń fún oníkálukú ní máàkì, láti 0.5 dé 3.5, gẹ́gẹ́ bí agbára tó kù lára rẹ̀. Àròpọ̀ máàkì àwọn mẹ́rin tó wà lórí pápá kò gbọdọ̀ ju 8 lọ. Fún obìnrin kọ̀ọ̀kan tó bá wà láàárín wọn, wọ́n á fi 0.5 kún 8 náà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ rọ jù kì í wá wòran o! Ìkọ́ irin iwájú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló fi ń há alágbára ẹgbẹ́ kejì mọ́.

Ẹ tún wo ìbọ̀wọ́ wọn, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù pa kí bọ́ọ̀lù má baà yọ̀. Ẹni tí ìka rẹ̀ ò ká á fi ọrùn ọwọ́ méjèèjì gbá bọ́ọ̀lù lé itan, kó tó ìṣẹ́jú àáyá 10 á ti ta á mọ́lẹ̀ tàbí kó jù ú sẹ́nìkejì.