Wáyà Mẹ́jọ Lẹ́bàá Omi Oníyọ̀

Etí omi ni Creek Road Market wà ní Port Harcourt. Ọkọ̀ ojú omi ń gbé ẹja, edé àti ìsáwùrú dé, ariwo ìnájà ò sì dákẹ́. Èmi tí wọ́n ń pè ní Ngbati, bí wọ́n ṣe máa ń pe ọmọ Yorùbá níhà ibẹ̀, n kò ta ọ̀kankan nínú wọn. Kébù nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mò ń fà sílé onílé, mo sì ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Àmọ́ afẹ́fẹ́ kan náà ni gbogbo wa jọ ń fà símú, iyọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Orí kébù tí wọ́n fi góòlù kùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kì í pẹ́ dípẹtà níbẹ̀. Èéfín dúdú tó ń bo ìlú láti ìparí ọdún 2016 tún ń gba ojú fáànù wọnú kọ̀ǹpútà.

Wọ́n lè kọ Cat 6, ìyẹn ìpele kébù, sára kébù méjì, kí ọ̀kan jẹ́ bàbà gidi, kí èkejì jẹ́ alúmíníọ́mù tí wọ́n fi bàbà bò lára. Ọ̀bẹ ni mo fi ń dá wọn mọ̀. Màá bó wáyà kan, màá fi ẹnu ọ̀bẹ ha á: bàbà gidi pupa dénú, ti ayédèrú á funfun. Tẹ ayédèrú síwá-sẹ́yìn, kò ní pẹ́ kán. Ẹlòmíràn á ní Cat 8 ni òun fẹ́, torí pé nọ́ńbà rẹ̀ ga. Cat 8 ò gbọdọ̀ gùn ju 30 mítà lọ, ibi tí wọ́n ń kó kọ̀ǹpútà ńláńlá jọ sí ni wọ́n ṣe é fún. Cat 5e lásán ń gbé 1,000 megabit ní ìṣẹ́jú àáyá kan dé 100 mítà. Cat 6 lè gbé 10,000 dé nǹkan bí 55 mítà. Yàrá wo ní àdúgbò wa ní Borokiri ló gùn tó bẹ́ẹ̀? Ra Cat 6 oníbàbà gidi, kí o lọ sùn. Bí yóò bá gba ara ògiri ìta kọjá, ra aláwọ̀ dúdú tí oòrùn kì í tètè bà jẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni kí n máa de orí kébù. Wáyà mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, wọ́n lọ́ wọn ní méjì-méjì. Alexander Graham Bell ló gba ìwé àṣẹ lórí irú lílọ́ yìí ní 1881, nítorí tẹlifóònù. Bí wáyà méjì bá lọ́ mọ́ra, ariwo iná àyíká á ba àwọn méjèèjì dọ́gba, ẹ̀rọ á sì lè yọ ọ́ kúrò. Bí wọ́n ṣe lọ́ méjì kan tún yàtọ̀ sí ti èkejì, kí wọ́n má baà máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í tú u ju ìdajì ínǹṣì lọ. Màá wá tò wọ́n: funfun ọlọ́sàn, ọsàn, funfun eléwé, búlúù, funfun oníbúlúù, ewé, funfun oníbúráùn, búráùn. Màá gé ẹnu wọn dọ́gba, màá tì wọ́n wọnú orí RJ45, kríḿpà á sì dún kọ́! Dídún yẹn kò sú mi rí.

Ọmọ ìyá elédé kan wá bá mi: “Ọ̀gá Ngbati, ẹ bá mi ṣe update dráífà, íntánẹ́ẹ̀tì mi ń wọ́.” Mo wo ibi tí Windows ti ń sọ ìyára: 100 ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ráútà wọn ń gbé 1,000. Wáyà mẹ́rin péré ni 100 ń lò, ti ọsàn àti ti ewé. 1,000 ń lo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Àfàìmọ̀ kí búlúù tàbí búráùn kan má ti já. Mo gé orí kébù náà dànù, mo de òmíràn, eré bẹ̀rẹ̀. Dráífà, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ ẹ̀rọ tó wà lára rẹ̀ lò, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Dráífà náà ní ọjọ́ tirẹ̀ ṣá. Láti ìgbà tí Microsoft ti ṣíwọ́ lórí Windows 10 ní 14 Oṣù Kẹwàá 2025, Windows 11 ni wọ́n ń ní kí n fi sórí kọ̀ǹpútà àwọn. Nígbà mìíràn, tó bá wọlé tán, kò ní mọ káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bẹ́ẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì lèèyàn máa fi wá dráífà íntánẹ́ẹ̀tì! Fóònù ni mo fi ń bọ́ níbẹ̀: màá fi okùn USB so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kó máa fa dátà lára rẹ̀. Màá wo nọ́ńbà káàdì nínú Device Manager: VEN_10EC, Realtek ni; VEN_8086, Intel ni. Ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tó ṣe bọ́ọ̀dù gan-an ni mo ti ń gba dráífà, kì í ṣe lọ́dọ̀ àwọn ètò ọ̀fẹ́ tó ń pariwo pé gbogbo dráífà rẹ ti gbó. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì ń ṣiṣẹ́, tí iléeṣẹ́ náà ò sọ pé òun tún àléébù kan ṣe, n kì í fọwọ́ kan dráífà ẹni. Àwọn oníbàárà kan rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe mí.