Kókó Ọ̀rọ̀ Yàtọ̀ sí Gbólóhùn Àkọ́kọ́: Àgbéyẹ̀wò Kíkọ́ Àkàyé fún Akẹ́kọ̀ọ́ Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Agbègbè Agbówà

1. Ìfáárà

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé àkàyé wà nínú ìdánwò Yorùbá, tí ó sì wà nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Ohun tí a kì í sábà bi ara wa ni bóyá iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì ń gbé lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Nínú iṣẹ́ yìí, a fẹ́ yẹ ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti rí kókó ọ̀rọ̀ nínú àyọkà ìmọ̀ wò, pàápàá akẹ́kọ̀ọ́ tí Yorùbá jẹ́ èdè abínibí rẹ̀ tí ó sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Agbègbè tí ọ̀rọ̀ wa dá lé ni Agbówà ní ilẹ̀ Ìkòsì, láàrin Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Yorùbá ni ọmọ ibẹ̀ ń gbọ́ nílé, lọ́jà àti létí ọ̀sà. Inú ìwé ni ó ti ń bá Gẹ̀ẹ́sì pàdé jù. Èrò wa ni pé púpọ̀ nínú ohun tí ń da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú nínú àkàyé Gẹ̀ẹ́sì ni a lè ti wò sàn nínú kíláàsì Yorùbá, bí a bá gbà pé iṣẹ́ wa ni.

2. Ìtàn ní ṣókí

Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, abẹ́ ìjọba náà ni Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà. Ọdún 1967 ni wọ́n di ara Ìpínlẹ̀ Èkó. Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ àbójútó Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ wọn, tí Gẹ̀ẹ́sì sì dúró gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan láàyè ara rẹ̀. Ìlànà Ẹ̀kọ́ ti ọdún 1977 fi èdè abínibí sí ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2018, Gómìnà Akínwùnmí Ambode buwọ́ lu òfin tí ó sọ kíkọ́ Yorùbá di dandan ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà èdè tuntun ní ọdún 2022, tí ó fi èdè abínibí ṣe èdè ìkọ́ni fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́ kéde pé a ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi kọ́ni.

Ohun tí ìtàn yìí ń kọ́ wa ni pé ìlànà ìjọba lè yí padà láàrin ọdún mẹ́ta. Àkókò ẹ̀kọ́ Yorùbá tí ó wà lọ́wọ́ wa ni a gbọ́dọ̀ lò dáadáa. Bí a kò bá lè fi hàn pé ohun tí a ń kọ́ ọmọ nínú rẹ̀ wúlò fún gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀ yòókù, àwọn tí ń sọ pé Yorùbá ń fi àkókò ṣòfò yóò rí ọ̀rọ̀ sọ.

3. Kí ni kókó ọ̀rọ̀?

Nínú kíláàsì, nǹkan mẹ́ta ni a sábà ń dà pọ̀ mọ́ ara wọn: orí-ọ̀rọ̀, kókó ọ̀rọ̀ àti àpẹẹrẹ. Orí-ọ̀rọ̀ ni ohun tí òǹkọ̀wé ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Kókó ọ̀rọ̀ ni ohun tí ó ń sọ nípa ohun náà. Àpẹẹrẹ ni ohun tí ó fi gbé e lẹ́sẹ̀. Nítorí náà, orí-ọ̀rọ̀ lè jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n odindi gbólóhùn ni a fi ń sọ kókó ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo àyọkà yìí, tí a kọ fún iṣẹ́ yìí:

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọjà Ejìnrìn wà lára àwọn ọjà tí ó lókìkí létí ọ̀sà. Àwọn oníṣòwò ń kó ẹrù wá síbẹ̀ láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Àwọn ará Èkó ń fi ọkọ̀ ojú omi wá rà á. Epo pupa ń gba ibẹ̀ jáde, aṣọ àti ọjà òkèèrè ń gba ibẹ̀ wọlé. Nígbà tí ó yá, ọ̀nà mọ́tò dé, ọkọ̀ akẹ́rù sì bẹ̀rẹ̀ sí gbé ẹrù láti Ìjẹ̀bú lọ sí Èkó láì fara kan omi. Èrò ọjà náà dín kù. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sà kò gbẹ, ẹja kò tán, àwọn ènìyàn kò sì gbàgbé òwò.

Bí a bá béèrè kókó ọ̀rọ̀ àyọkà yìí, irú ìdáhùn tí a lè rí nìyí:
(a) Ọjà Ejìnrìn.
(b) Ọjà Ejìnrìn wà lára àwọn ọjà tí ó lókìkí létí ọ̀sà.
(d) Epo pupa ń jáde, aṣọ ń wọlé.
(e) Ọ̀nà mọ́tò dára ju ọkọ̀ ojú omi lọ.
(ẹ) Ọ̀nà tí ẹrù ń gbà ni ó gbé ọjà Ejìnrìn ga, òun náà ni ó sì mú un rẹlẹ̀.

Orí-ọ̀rọ̀ ni (a). Gbólóhùn ìbẹ̀rẹ̀ ni (b). Kò mẹ́nu kan ìrẹ̀sílẹ̀ ọjà náà rárá. Àpẹẹrẹ ni (d). Èrò akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ni (e), nítorí òǹkọ̀wé kò sọ èyí tí ó dára jù. Ìdáhùn (ẹ) nìkan ni ó kó gbogbo àyọkà náà pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí gbólóhùn kan nínú àyọkà tí ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá bèèrè ìdí tí òǹkọ̀wé fi kọ gbólóhùn ìkẹyìn ni yóò rí i: ó ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn ìdí mìíràn tí a lè rò, kí ọ̀nà nìkan lè ṣẹ́ kù.

4. Òfin gbólóhùn àkọ́kọ́

Òfin kan wà tí a ti fi kọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́: pé gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú ìpínrọ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ máa ń wà. Òfin yìí rọrùn láti há sórí, ṣùgbọ́n kò dúró lórí òtítọ́, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì tí a ti yá a. Ní ọdún 1974, Richard Braddock ní Amẹ́ríkà yẹ àròkọ àwọn òǹkọ̀wé tí iṣẹ́ wọn jáde nínú ìwé ìròyìn pàtàkì wò. Ó rí i pé nǹkan bí 13 péré nínú ọgọ́rùn-ún ìpínrọ̀ ni ó fi gbólóhùn tí ó gbé kókó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá rí báyìí lọ́wọ́ àwọn tí ó ni èdè, kí ni ìdí tí a ó fi sọ ọ́ di òfin fún ọmọ Agbówà?

Àwọn kan a máa dá a lóhùn pé àṣà ni ó fa ìṣòro náà, pé Yorùbá máa ń pa òwe yí ọ̀rọ̀ ká, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń lọ tààrà. Robert Kaplan gbé irú èrò báyìí jáde ní ọdún 1966, nígbà tí ó ya àwòrán bí àwọn elédè oríṣiríṣi ṣe ń to ìpínrọ̀. Yorùbá kò sí nínú àwọn àwòrán náà. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tí ó bá ti jókòó níbi tí àgbà ti ń parí ìjà mọ̀ pé òwe kì í sú ọ̀rọ̀ lójú. Òwe lẹ́ṣin ọ̀rọ̀. Ẹṣin a sì máa gbé ènìyàn dé ibi tí ó ń lọ. Ọmọ tí ó lè sọ pé 'èyí ni bàbá ń fi òwe yẹn sọ' ti ń wá kókó ọ̀rọ̀ kí ó tó mọ a, b, d. Ọgbọ́n náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa ni a kò bá a gbé e wọ inú ìwé.

5. Ohun tí gírámà lè ṣe

Ìyàtọ̀ wà láàrin èdè méjèèjì lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú gírámà ni kí a ti kọ́kọ́ wá a. Yorùbá ní 'ni' tí ó ń tọ́ka sí ibi tí ọ̀rọ̀ wúwo sí. 'Ọ̀nà ni ó mú ọjà rẹlẹ̀' yàtọ̀ sí 'Ọ̀nà mú ọjà rẹlẹ̀', kò sì sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n lára. Nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ètò gbólóhùn ni ó sábà ń ṣe iṣẹ́ yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan pàtó tí ojú lè rí.

Ẹ tún wo 'bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé'. Nínú Yorùbá, a sábà máa ń fi 'síbẹ̀' gbè é lẹ́yìn: 'Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sà kò gbẹ, síbẹ̀ èrò ọjà dín kù.' 'Síbẹ̀' yìí ni ó ń kìlọ̀ fún òǹkàwé pé ohun tí ó ṣe pàtàkì ń bọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ń lo 'although' láì fi 'but' tẹ̀ lé e. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì a máa fa ìlà pupa sí i nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n a kì í rántí pé nínú kíkà pẹ̀lú, akẹ́kọ̀ọ́ náà ń retí ìkìlọ̀ tí kò ní dé. Nípa bẹ́ẹ̀, ó lè gba apá tí òǹkọ̀wé jọ̀wọ́ gẹ́gẹ́ bí apá tí ó ń jà fún. Olùkọ́ tí ó gbọ́ Yorùbá nìkan ni ó lè rí ibi tí bàtà yìí ti ń ta ọmọ lẹ́sẹ̀.

6. Ọ̀rọ̀ sí àwọn tí ń yẹ ìdánwò wò

Ọdọọdún ni ìròyìn àwọn olóòtú ìdánwò WAEC lórí èdè Gẹ̀ẹ́sì ń ráhùn pé akẹ́kọ̀ọ́ kàn ń da gbólóhùn àyọkà kọ nínú ìsọníṣókí. Ìráhùn náà tọ́. Ṣùgbọ́n níbo ni akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ́ ọ? Púpọ̀ nínú ìbéèrè àkàyé Yorùbá ni ó jẹ́ 'Ta ni', 'Níbo' àti 'Kí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí'. Àyọkà wọn sì sábà ń jẹ́ ìtàn. Ẹni tí ó bá da gbólóhùn kọ fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ yóò gba máàkì kíkún. A ti san owó iṣẹ́ fún ìdàkọ kí ọmọ tó dé inú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí a óò ti fi ìyà jẹ ẹ́ nítorí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, láìní kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀kùn ọ̀pọ̀ yunifásítì kì í ṣí.

Ann Brown àti Jeanne Day fi hàn ní ọdún 1983 pé yíyọ ohun tí kò ṣe pàtàkì kúrò rọrùn fún ọmọdé. Èyí tí ó le jù ni kí ènìyàn fúnra rẹ̀ hun gbólóhùn kókó nígbà tí òǹkọ̀wé kò kọ ọ́. Ohun tí ó le jù yìí gan-an ni a gbọ́dọ̀ fi èdè tí kò le fún ọmọ kọ́ ọ. Èrò Jim Cummins ti ọdún 1979 gbè wá lẹ́yìn: ọgbọ́n ìwé kíkà tí ènìyàn ní nínú èdè kan lè bá a dé inú èkejì, bí ó bá ń rí èkejì náà kà dáadáa.

7. Àbá àti ìkádìí

Àbá mẹ́ta ni a mú wá. Èkíní, kí àyọkà aláàlàyé pọ̀ sí i nínú àkàyé Yorùbá: lórí omi, òwò, ìlera, ilẹ̀. Kò yẹ kí a tún máa sọ pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún un. Ètò Ifẹ̀ àti iṣẹ́ àwọn onímọ̀ lórí èdè-ìperí ti dáhùn ìyẹn láti ọjọ́ pípẹ́. Èkejì, kí ìbéèrè kan ó kéré tán máa béèrè kókó ọ̀rọ̀, kí a má sì fún ìdàkọ ní máàkì níbẹ̀. Orí-ọ̀rọ̀ nìkan kò tó. Àpẹẹrẹ nìkan kò tó. Ẹ̀kẹta, kí olùkọ́ Yorùbá àti olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì inú ilé-ẹ̀kọ́ kan náà máa lo àyọkà tí ó jọra ní ọ̀sẹ̀ kan náà, Yorùbá ṣáájú, Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e, kí ọmọ fojú ara rẹ̀ rí i pé iṣẹ́ kan náà ni.

Àwọn àbá yìí kò ná wa ní owó púpọ̀, wọn kò sì ní láti dúró de ìlànà ìjọba tuntun. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lè sọ ohun tí àyọkà Ejìnrìn ń sọ, ní ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ti mú ohun kan dání tí ó lè gbé wọ inú ìwé èdè yòówù tí a bá gbé ka iwájú rẹ̀.