“KÒGBÓÒGÙN”: ÀYẸ̀WÒ ORÚKỌ ÀRÙN KAN

Ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Nínú iṣẹ́ yìí, a fẹ́ yẹ orúkọ tí Yorùbá fún àrùn éèdì wò, bí lámèyítọ́ ti ń yẹ ewì wò. Èrò wa ni pé “kògbóògùn” bá ìgbà tí a sọ ọ́ mu, ṣùgbọ́n ó ti di irọ́, irọ́ náà sì ń pa ènìyàn lára.

Ní ti ìhun rẹ̀, odindi gbólóhùn ni a sún kì di ọ̀rọ̀-orúkọ: kò gbọ́ oògùn. Irú ìhun yìí kò ṣàjèjì. Bẹ́ẹ̀ ni Kòsọ́kọ́, orúkọ àbíkú, rí: kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́lẹ̀ sin ín. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò dọ́gba. Kòsọ́kọ́ ń bá ikú jiyàn. Kògbóògùn ti túúbá fún ikú kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1986 tí a kọ́kọ́ kéde pé àrùn náà ti wọ Nàìjíríà, kò sí ẹni tí ó lè bá orúkọ náà jà. Láti 1996 ni àpapọ̀ oògùn tí ń dá kòkòrò HIV lọ́wọ́ kọ́ ti jáde; ní 2002, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò àti máa fi í tọ́jú aláìsàn. Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀-ìṣe náà, gbọ́. Ọmọ tí ó gbọ́ràn kò kúrò nílé. Ohun tí a wí ni ó ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò yìí: oògùn kò lé e kúrò lára, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ oògùn. Ẹni tí ó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, tí àyẹ̀wò kò sì rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kò lè kó o ran ẹnikẹ́ni nípa ìbálòpọ̀. Àwọn ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2016 àti 2019 fi èyí múlẹ̀. Abẹ́ àti abẹ́rẹ́ ṣì jẹ́ ohun tí a kò gbọdọ̀ jọ lò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ẹ̀mí hàn gbangba ni Kirikiri, ní ẹ̀bá Apápá àti Ajégúnlẹ̀. Ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí, ẹ̀wọ̀n nìkan ni ó ń gbọ́ nínú orúkọ ìlú náà. Kí a wá wo ẹni tí a mú wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n yìí, tí ó ti ń lo oògùn tẹ́lẹ̀. Kí ó tó lè rí oògùn gbà, ó ní láti la ẹnu dárúkọ àrùn rẹ̀. Bí ó bá pè é ní kògbóògùn, ó ti dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Àwọn tí wọ́n jọ ń sùn lè máa sá fún àwo oúnjẹ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àjọjẹ kì í ran HIV. Bí ó bá dákẹ́, oògùn já, kòkòrò yóò tún pọ̀ sí i. Ìgbà náà gan-an ni ó lè ran ẹlòmíràn.

Àwọn kan lè wí pé ìbẹ̀rù inú orúkọ náà ni ó ń kó ènìyàn níjàánu. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rù kan náà ni ó ń lé ènìyàn sá fún àyẹ̀wò, ẹni tí kò sì mọ̀ pé òun ní kòkòrò kò lè lo oògùn rẹ̀.

Fún ìdí yìí, ó yẹ kí àwọn oníròyìn, àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, àti àwa tí a ń kọ́ nípa èdè yìí, fi kògbóògùn sílẹ̀. Kí a pe kòkòrò ní HIV, kí a sì fi éèdì mọ sí ìgbà tí ó bá ti di àìsàn. Orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ. Orúkọ àrùn a sì máa ro aláàrùn.