Ìtọ́jú Ọkàn Nínú The Concubine: Iṣẹ́ Adáhunṣe àti Iṣẹ́ Alábàárò

Ìfáárà
Púpọ̀ nínú àwọn lámèyítọ́ tó ti yẹ The Concubine (1966) wò ni ó gbà pé ọ̀rọ̀ àyànmọ́ àti agbára òrìṣà ni ó jẹ òǹkọ̀wé rẹ̀ lógún. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Elechi Amadi (1934–2016), ọmọ bíbí Aluu ní ilẹ̀ Ikwerre, nítòsí ìlú Port Harcourt, tún fi ìtàn àròsọ yìí béèrè ohun mìíràn: nígbà tí ayé ènìyàn bá yí padà lójijì, kí ni ó ń wo ọkàn rẹ̀ sàn? Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé, nínú ìtàn náà, oògùn nìkan kì í wo ọkàn tó gbọgbẹ́. Ẹni tó jókòó ti aláìsàn ni ó ń parí iṣẹ́ tí adáhunṣe bẹ̀rẹ̀.

Àyípadà mẹ́ta
Ihuoma ni ó kọ́kọ́ kó sínú àyípadà. Emenike, ọkọ rẹ̀, kú lẹ́yìn ìjà ilẹ̀ tó bá Madume jà, ó sì fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ fún opó tí ọjọ́ orí rẹ̀ ṣì kéré. Àṣà kò ní kí opó yìí gbé ìbànújẹ́ mì. Ó fún ìbànújẹ́ náà ní àkókò àti ààlà: ọdún kan kọjá kí wọ́n tó ṣe ìsìnkú ẹlẹ́ẹ̀kejì. Nnadi, àbúrò ọkọ rẹ̀, dúró tì í. Okachi, ìyá rẹ̀, ń bá a dárò, ó sì ń gbà á nímọ̀ràn. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Nígbà tí wọ́n bá ń kíni pé ẹ kú ará fẹ́ra kù, gbogbo agboolé ni ìkíni náà wà fún.

Òdìkejì Ihuoma ni Madume. Sèbé tutọ́ sí i lójú, ojú náà sì fọ́. Dípò kí ó fara mọ́ àwọn tó kù tì í, ó ń fura sí wọn, ó sì ń sọ ìbínú rẹ̀ sórí Wolu, ìyàwó rẹ̀. Níkẹyìn, ó pokùn so. Ìwà rẹ̀ àtẹ̀yìnwá ti lé àwọn tí ìbá jẹ́ alábàárò rẹ̀ jìnnà.

Ekwueme ni ẹ̀kẹta. Oògùn ìfẹ́ tí Ahurole, ìyàwó rẹ̀, fún un jẹ dà á lórí rú. Ó gun igi, kò sì fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi rí Ihuoma. Anyika, adáhunṣe abúlé, ní egbòogi àti ìmọ̀, ṣùgbọ́n ohùn ẹni tí aláìsàn fọkàn tán ni ó kọ́kọ́ mú un wá sílẹ̀.

Ẹ̀rí láti Arò
Ohun tí Amadi fi ìtàn sọ yìí bá ohun tí Thomas Adéoyè Lambo fi ìṣègùn ṣe ní Arò, Abẹ́òkúta, láti ọdún 1954 mu. Lambo kò ti gbogbo aláìsàn mọ́lé. Ó ní kí wọ́n máa gbé abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí ẹbí wà pẹ̀lú wọn, kí wọ́n sì máa wá gba ìtọ́jú. Ó tún pe àwọn adáhunṣe mọ́ra. Ara ìtọ́jú ni ìgbé ayé abúlé jẹ́ níbẹ̀.

Ibi tí ìtọ́jú ti kùnà
Ṣùgbọ́n ìtọ́jú tún ní apá kan tó lè pani lára, ìyẹn ni àlàyé. Anyika dífá, ó ní aya Ọba Omi ni Ihuoma, àti pé kò sí ọkùnrin tí yóò fẹ́ ẹ tí yóò pẹ́ láyé. Àlàyé yìí mú ẹ̀bi kúrò lọ́rùn obìnrin náà, àmọ́ ó ti ilẹ̀kùn ìgbéyàwó mọ́ ọn. Àlàyé tó ń woni sàn gbọ́dọ̀ fi ọ̀nà kan sílẹ̀ fún ẹni tí a ń tọ́jú.

Àléébù tó wà nínú ọgbọ́n ìsọ̀tàn Amadi hàn ní ìparí. Nwonna, ọmọ Ihuoma, ta ọfà sí alángbá. Ekwueme ni ọfà náà bà, ó sì kú. Ibẹ̀ ni ìtàn ti dópin. Obìnrin tó ti jẹ́ ìtura fún ẹlòmíràn kò rí ẹni bá a dárò lójú ìwé. Ọmọdé tó ṣèèṣì pa àfẹ́sọ́nà ìyá rẹ̀ kò rí ọ̀rọ̀ ìtùnú kan ṣoṣo. Òǹkọ̀wé tó mọ iyì alábàárò tó báyìí jẹ àwọn méjèèjì ní gbèsè.

Àgbálọgbábọ̀
Ojú kan náà ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá fi wo Ẹfúnṣetán Aníwúrà (1970) ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá. Ìkà Ìyálóde sí Adétutù, ẹrú tó lóyún, ni òǹkàwé sábà máa ń rántí. Ó yẹ kí wọ́n tún béèrè ẹni tó bá Ìyálóde sọ̀rọ̀ nígbà tí ìbànújẹ́ àìlọ́mọ ń sọ ọ́ di òǹrorò. Ìbéèrè náà kan Aluu òde òní, tó múlé gbe Yunifásítì ìlú Port Harcourt, níbi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé yàrá àyágbé, tí ẹbí wọn sì wà lọ́nà jíjìn. Bí òfò bá ṣẹ irú wọn, olùtọ́jú ọkàn lè ṣe iṣẹ́ Anyika. Ó kù kí ẹnì kan ṣe iṣẹ́ Okachi.